Ṣé Lóòótọ́ Ni Panápaná Máa Ń Dé Láìgbé Omi?



Láti ìgbà tí iná ti jó àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ wa ní àsìkò ọyẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo kíláàsì ń sọ: "Panápaná dé, wọn ò gbé omi." Àwọn kan ní wọ́n fún omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ni wọ́n bá wa ọkọ̀ wọn lọ. Àwọn kan ní ńṣe ni wọ́n sá. Ọmọ SS1 kan tí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí ọkọ̀ kejì dé, àwọn géńdé àdúgbò ti bínú, wọ́n ju òkúta lù ú, wọ́n sì fọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀.

Nígbà tí Press Club ṣe ìpàdé, mo ní kí wọ́n fún mi ní iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ tó ń bójú tó wa kọ lẹ́tà fún mi, mo sì lọ sí ibùdó panápaná kan. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n jẹ́ kí n gun orí ọkọ̀, wọ́n sì dá mi lóhùn. Ohun tí mo rí níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí mo lọ kà lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká ti orí omi bẹ̀rẹ̀, ṣebí òun ló dá ìjà sílẹ̀.

Ọkọ̀ panápaná ńlá tí à ń rí ní Èkó lè gbé tó 10,000 lítà omi. Àwọn kékeré wà tí kò gbé tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ti ńlá ṣe ìṣirò. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọn omi nílé máa ń gba 25 lítà. Tí a bá pín in, kẹ́ẹ̀gì 400 ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó pọ̀, àbí? Ó dáa. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fún omi kì í ṣe irú èyí tí a fi ń fọ mọ́tò. Ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ ló ń fi agbára ti omi gba inú rẹ̀, débi pé ènìyàn méjì ló máa ń dì í mú nígbà míì kó má baà gbé ẹni tó mú un ṣubú. Rọ́bà kan ṣoṣo lè tú 500 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan. Kẹ́ẹ̀gì 20 nìyẹn, kí ènìyàn tó ka ení, èjì dé ọgọ́ta. Tí wọ́n bá ta rọ́bà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, 1,000 lítà ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kò dìgbà tí olùkọ́ ìṣirò bá bá wa ṣe é: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi tán.

Ìlà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kó aṣọ, bàtà onírọ́bà, àga oníke àti páálí kún inú rẹ̀ dé òrùlé kò lè kú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, ọkọ̀ náà ní láti lọ pọn omi sí i. Ìyẹn ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní "wọ́n sá lọ".

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, kò yẹ kí ọkọ̀ náà lọ rárá. Bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ yìí, omi inú ọkọ̀ wà láti fi bẹ̀rẹ̀ ni. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní hydrant. Irin kúkúrú ni, ó máa ń dúró létí títì tàbí kó wà nínú ihò tí wọ́n fi ìdérí bò, páìpù omi ìjọba sì ni wọ́n so ó mọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Bí panápaná bá ti dé, ẹnì kan a so rọ́bà mọ́ ọn, omi á máa wá láìdáwọ́ dúró. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti géètì ilé ẹ̀kọ́ wa dé inú ọjà, mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì. Mi ò rí ẹyọ kan. Ká tilẹ̀ ní mo rí i, omi wo ni yóò gba inú rẹ̀ wá? Ẹ bi ara yín léèrè ilé ta ni omi ẹ̀rọ ìjọba ti ń yọ. Ní àdúgbò wa, kànga àti bọ́hólù la ń lò, ẹni tí kò ní ń rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Omi tí kò dé inú kíṣíìnì wa, kò lè ṣàdédé dé ẹnu hydrant.

Ohun tí àwọn panápaná wá ń ṣe ni àrópòpadà. Ọkọ̀ kan ń fún omi, òmíràn ń bọ̀ láti ibùdó míì, èyí tó ti tán ń lọ pọn. Tí ọ̀nà bá já gaara, ètò yìí lè gbé e. Tó bá jẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ni, iná á ti rí àyè mú ṣọ́ọ̀bù kejì kí omi tó padà. Tí àwọn kan bá tún ń sọ òkúta, awakọ̀ tó ń gbé omi bọ̀ á dúró lókèèrè títí ọlọ́pàá á fi dé. Mi ò sọ pé kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń jóná má bínú o. Ohun tí mo ń sọ ni pé gíláàsì tí wọ́n fọ́ lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tó gbé omi wá ni wọ́n fọ́ ọ lára.

Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n kúkú máa sáré. Ẹ rántí Physics: lítà omi kan wúwo tó kìló kan. 10,000 lítà jẹ́ 10,000 kìló, ìyẹn tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, láìtíì ka irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àkàbà àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Omi kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́ bí àpò sìmẹ́ńtì. Tí awakọ̀ bá yí kọ́nà, omi á rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin pín inú táńkì sí yàrá-yàrá, kó má baà máa rọ́ gììrì. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi eré àsápajúdé yí kọ́nà pẹ̀lú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà á dojú dé. Ẹ tún wo bọ́mpù tí onílé kọ̀ọ̀kan fi sìmẹ́ńtì ṣe sí iwájú ilé rẹ̀, ẹ wo géètì àdúgbò tí wọ́n tì pa tí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wo tábìlì àwọn tó ń tajà lójú títì. Ọjà Balógun ní Erékùṣù Èkó jóná ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, ọdún 2019. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ ra aṣọ níbẹ̀ rí mọ bí àwọn ọ̀nà yẹn ṣe há tó. Kẹ̀kẹ́ ẹrù gan-an ń wá àyè, ká má tíì sọ ọkọ̀ panápaná.

Èyí tó kàn ni pípẹ́. "Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti jó tán ni wọ́n dé." Òótọ́ ni nígbà míì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wo la ti ń kà á? Àwa ń kà á láti ìgbà tí èéfín yọ. Tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹnì kan bá pè wọ́n. Láàárín méjèèjì, àwọn kan ń pariwo, àwọn kan ń gbé ẹrù, àwọn kan sì ń fi fóònù ya fídíò. Olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti pè.

112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà. Èkó tún ní 767. Méjèèjì kì í gba owó lórí fóònù, nítorí náà ẹni tí kò ní káàdì lè pè. Ẹni tó máa gbé e kọ́ ló máa wa ọkọ̀. Ó jókòó sí ibùdó ìdarí, òun ló máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí panápaná, sí àwọn oníṣẹ́ ańbúláǹsì, sí ọlọ́pàá, bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe rí. Kò mọ ibi tí o wà àfi tí o bá sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á pè, wọ́n á kígbe "Iná o! Ẹ gbà wá o!", wọ́n á sì pa fóònù. Iná níbo? Tí ó bá béèrè ìbéèrè, wọ́n á ní "Iná ń jó, o ń bi mí ní ìbéèrè!" Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ló ń mú ọkọ̀ wá.

Ẹ wo orúkọ òpópónà wa. Òpópónà Balógun wà ní Erékùṣù, ó wà ní Ìkẹjà, ó tún wà ní Oṣòdì. Ẹni tó bá kàn sọ pé "Balógun Street" lè jẹ́ kí ọkọ̀ kọjú sí ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ilé kò sì ní nọ́ńbà, tàbí kí nọ́ńbà 12 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 47. Nítorí náà, sọ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àdúgbò tí o wà, sọ ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, sọ ohun tí ojú lè rí: mọ́sáláṣí aláwọ̀ ewé, òpó fóònù, ilé epo. Sọ ohun tó ń jó. Sọ bóyá ènìyàn wà nínú ilé. Má pa fóònù títí ẹni tó gbé e á fi ní kí o pa á. Kí ẹnì kan sì lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà láti máa juwọ́ sí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe ìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tó ń bí wọn nínú, ìjọba Èkó náà sì ti ké gbàjarè lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà: àwọn tó ń pe nọ́ńbà yìí fún ẹ̀fẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń fi ẹ̀rín pè, ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lè máa dúró de ìlà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe 112 lákòókò ìsinmi ọ̀sán lẹ́yìn bùlọ́ọ̀kù JSS, ẹ mọ ara yín.

Kì í tún ṣe gbogbo iná ni omi ń pa. Tí ẹ bá da omi sí bẹntiróòlù tó ń jó, epo náà á léfòó lórí omi, iná á sì bá omi ṣàn lọ sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Fóòmù ni wọ́n fi ń pa ìyẹn. Kì í ṣe fóòmù tí à ń sùn lé o! Oògùn kan ni wọ́n ń pò mọ́ omi, á sì hó bí ọṣẹ, á bo epo náà mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án. Nígbà tí tẹ́ńkà gbiná ní afárá Otedola ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 2018, ènìyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ 54 sì jóná. Bí epo ṣe ń ṣàn sí abẹ́ ọkọ̀ tó wà nínú gosiló, bẹ́ẹ̀ ni iná ń tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, ẹ kọ́kọ́ pa á níbi tí wọ́n ti ń pa á; ẹ má da omi sí i. Tí ẹ bá gbóòórùn gáàsì nínú ilé, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó ń tàn, torí swíìsì lè ta iná pàrà. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ ti ẹnu sílíńdà tí ọwọ́ bá tó o, kí ẹ sì jáde.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ańbúláǹsì. Nínú fíìmù Amẹ́ríkà, ẹ ó rí i pé panápaná ló ń sáré wá tọ́jú ẹni tó dákú. Òótọ́ ni, ní ọ̀pọ̀ ìlú lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ní Èkó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Panápaná ìpínlẹ̀ wà, ti ìjọba àpapọ̀ náà wà. Èyí tó jẹ́ ti àpapọ̀ ti pẹ́ o, abẹ́ ọlọ́pàá ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó níbí ní ọdún 1901. LASAMBUS ló ni ańbúláǹsì ìjọba ìpínlẹ̀, ọdún 2001 ni wọ́n dá a sílẹ̀, abẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìlera ló sì wà. LASEMA ló ń kó gbogbo wọn pọ̀ tí àjálù bá tóbi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní nọ́ńbà tiwọn, 122, fún ìjàm̀bá ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo orúkọ yìí dà yín lójú rú. 112 nìkan tó láti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ańbúláǹsì LASAMBUS kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbé. Wọ́n máa ń pín wọn sí ojú ọ̀nà ńláńlá àti àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kí ọ̀nà má baà jìn. Wọ́n lè gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ ọn, tàbí sí ibùdó ìtọ́jú ìjàm̀bá tó wà ní Toll Gate àtijọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

Ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n bá dé ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Wọn kì í kọ́kọ́ sáré lọ bá ẹni tó ń pariwo. Wọ́n á kọ́kọ́ wo àyíká: ṣé epo ń jò, ṣé wáyà já, ṣé ọkọ̀ míì kò ní wá gbá àwọn fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ bá ẹni tó dákẹ́. Àwọn ẹbí á bínú: "Ẹ ò gbọ́ bí bùrọ̀dá mi ṣe ń ké ni?" Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń ké ń mí. Atẹ́gùn ń wọlé, ó ń jáde. Ẹni tó dákẹ́ lè máa kú lọ láìsí ariwo, torí pé ahọ́n tàbí ẹ̀jẹ̀ ti dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀nà èémí ni wọ́n ń kọ́kọ́ tọ́jú, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Ẹsẹ̀ tó kán lè dúró.

Ọrùn sì ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Ẹ rántí Biology SS2: ọ̀pá inú eegun ẹ̀yìn ló ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Tí eegun ọrùn bá ti kán, tí a wá fa ẹni náà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sínú dánfó, eegun yẹn lè gé ọ̀pá náà. Ẹni tí ìbá rìn padà wálé kò ní lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kọ́là líle sí i lọ́rùn, tí wọ́n ń gbé e sórí pátákó gbọọrọ. Àyàfi tí iná bá ń bọ̀ tàbí tí ibẹ̀ bá léwu, ẹ má gbé e. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì pè. Ẹ má fún un ní omi tàbí mílíìkì mu. Tó bá jẹ́ iná ló jó ẹnì kan, omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ tàbí láti inú korobá ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ọṣẹ ìfọyín, ẹyin, epo pupa, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà kò ní fara mọ́ èyí.

Mo mọ̀ pé ańbúláǹsì kì í fi gbogbo ìgbà dé, pé dánfó àti kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá gbé wọn dé ilé ìwòsàn wá máa ń gbọ́ pé "Ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá" tàbí "Ẹ san owó kan ná." Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 2014, abala 20, sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀, ₦100,000 ni owó ìtanràn rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹni tí ìbọn bá bà náà, òfin mìíràn ti wà fún un láti 2017: kí wọ́n gbà á, ì báà ní ìwé ọlọ́pàá, ì báà má ní. Ẹ kọ ọdún méjèèjì yẹn sínú ìwé yín. Ó dáa kí ènìyàn lè dárúkọ òfin lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn.

Ó ku ti ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Korobá yanrìn mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọ̀nà laabù. Mo wo inú wọn ní ọjọ́ Ajé: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti páálí bisikíìtì ló kún méjì nínú wọn, àwa akẹ́kọ̀ọ́ la sì jù ú síbẹ̀. Agolo pupa tí a fi ń pa iná so mọ́ ògiri. Ó ní aago kékeré kan lọ́rùn tó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ máa tọ́ka sí àwọ̀ ewé. Ti wa ń tọ́ka sí pupa. Géètì ẹ̀yìn tó fẹ̀ tó ọkọ̀ panápaná, àga tó ti kán ni wọ́n kó dí i.

Ohun tó kẹ́yìn ni rẹ́jísítà. Bí panápaná bá dé ibi tí iná ti ń jó, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi àwọn tó wà níta ni pé: ṣé ó ku ẹnì kan nínú ilé? Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ló máa pinnu bóyá wọ́n á wọ inú èéfín náà lọ. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2020, nígbà tí ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Àdó, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College, Reverend Sister Henrietta Alokha, kú níbi tó ti ń kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń sùn sí nìyẹn, wọ́n mọ ẹni tó wà nílé. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń pe orúkọ wa. Ẹni tó bá pẹ́ dé ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. Ẹni tí wọ́n bá lé lọ gba owó ilé ẹ̀kọ́ wá ní aago mẹ́wàá, rẹ́jísítà ṣì ń sọ pé ó wà.

Mo dán an wò ní kíláàsì wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Èmi àti olórí kíláàsì la jọ kà á. Rẹ́jísítà ní àwa 47 ló wá. Ẹni 41 ló wà lórí ìjókòó. Àwọn méjì ti lọ gba owó wá nílé, méjì wà ní yàrá ìtọ́jú, ọ̀kan ń bá olùkọ́ kan gbé ìwé. Ó ku ẹnì kan tí kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà. Ká ní iná ló ń jó ni, panápaná ì bá ti wọlé lọ wá a.